Ògiri Tó Wà Láàárín Èmi àti Màmá Olórin

Òórùn ẹja díndín ni mo fi kọ́kọ́ mọ Màmá, aládùúgbò mi, kí n tó mọ̀ pé olórin ni wọ́n. Sharpstown là ń gbé nígbà náà, ní Houston, láwọn ọdún 1980, nínú fúláàtì àtijọ́ kan tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí aládùúgbò bá sín, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i pé ó pẹ̀lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ojo sì ni mí. Kí n tó kúrò l'Ékòó, àwọn adigunjalè wá sílé wa, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bàbá mi pẹ̀lú orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan dáhùn pé wọ́n wà nílé. Nínú gbogbo wa, èmi tí mo sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ló yè é.

Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni Màmá, wọ́n ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní daycare. Nígbà èwe wọn, wọ́n kọ orin rhythm and blues sínú àwo. Àwọn olórin mìíràn tún orin náà kọ, wọ́n fi lókìkí, ayé sì gbàgbé ẹni tó ni ín.

“Èmi kọ́ ni màmá rẹ o,” wọn a máa wí. “Mo lórúkọ!”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ju ìyá mi lọ? Àwọn àgbà ìlú wa á bú mi.”

“Ta ló máa gbọ́ ọ láti Áfíríkà, ìwọ ojo yìí?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bu ẹja fún mi. Mi ò béèrè orúkọ náà rí.

Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bà mí, wọ́n ní kí n máa kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti kàn án, wọ́n á kọrin. Èmi onírùngbọ̀n, orin ni wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ọmọ ọwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin oníkóòtù kan kanlẹ̀kùn mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dárúkọ obìnrin kan.

“Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni mo wí. Òótọ́ sì ni.

Ó fi àwòrán ọmọge kan hàn mí. Èéjí tó wà lẹ́nu ọmọge náà, ti Màmá ni!

“Ọ̀la la fẹ́ kó àwọn olórin àtijọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn,” ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Bí a ò bá rí i, ẹlòmíràn ló tún máa kọ orin rẹ̀.”

Mo ti ilẹ̀kùn. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ti jọ èyí tí mo mọ̀ jù. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo ògiri, mo sì kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá bẹ̀rẹ̀ orin. Bàtà ọkùnrin náà dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo yọjú, ó ti jókòó síbẹ̀, omi wà lójú rẹ̀, ó ń gberin. Ìgbà náà lọkàn mi tó balẹ̀. Àwọn tó wá sílé wa l'Ékòó ò gberin.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá dúró níwájú èrò. “Ọmọ mi tí kò mọ orúkọ mi,” ni wọ́n wí, “òun ló jẹ́ kí wọ́n rí mi.”

Mission Bend, nítòsí Houston, ni mò ń gbé báyìí. Àwo Màmá tí wọ́n tún tẹ̀ jáde wà lára ògiri pálọ̀ mi. Àwọn ọmọ mi máa ń ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ sókè bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ wọn, mo sì máa ń bá wọn wí. Èmi ò tíì pè é rí. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá kanlẹ̀kùn, mo máa ń kọ́kọ́ kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó ń kọrin mọ́. Màá dúró díẹ̀, màá sì lọ ṣílẹ̀kùn.