Ilé Tí Hàmdálátù Rà fún Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ obì wa ní Sábó, ẹ ó rí obìnrin kan tí ń bó gbàǹja láì wojú ẹnikẹ́ni. Hàmdálátù nìyẹn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni àwa méjèèjì ti jọ ń jókòó sójú kan, mo sì dàgbà jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ẹnu ọjà ní ahun ni. Ẹnu ọjà kò mọ nǹkan kan. Ilé ni obìnrin yẹn ń fi owó rẹ̀ rà.

Ìyá rẹ̀ ló sì ń rà á fún. Màmá Ràbíátù, ará Irolu, kò ní ọmọ mìíràn tó yè. Inú ọgbà ilé bàbá Màmá ní Irolu ni wọ́n sin bàbá náà sí. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ bàbá yòókù ta ilé náà láì sọ fún Màmá. Ẹni tó rà á gbé ẹ̀rọ gàrí kalẹ̀ sórí sàréè, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Màmá ti fojú rí ẹ̀rọ yẹn ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: kí wọ́n má sin òun sí ilẹ̀ onílẹ̀, inú ọgbà ọmọ òun ni kí wọ́n sin òun sí. Yàrá kan tí wọ́n háyà ni ìyá àti ọmọ sì ń gbé nígbà yẹn.

Hàmdálátù gbọ́ pé báǹkì kan wà tí kì í gba èlé. Báǹkì yóò ra ilé, yóò wá tà á fún ọ ní iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ìwọ yóò sì máa san án lóṣooṣù fún ọdún méje. Mo ní kó sá fún wọn. Mo ní báǹkì kì í ṣe ìyekan ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò wá ìyekan, ilé ni òun ń wá.

N kò tíì rí ẹni tó fara balẹ̀ ra nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin báǹkì mú un lọ wo ilé oníyàrá mẹ́ta tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ní ọ̀nà oríta márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Interchange. Iye tí Hàmdálátù ń pa nígbà tí gbàǹja bá pọ̀ ló fi ṣírò owó oṣù. Hàmdálátù ní kó tún un ṣe, kó fi oṣù òjò ṣe é, nígbà tí àwọn oníbàárà òkè ọya kì í wá, tí a máa ń jókòó lé agbọ̀n lásán. Ó tún un ṣe, ilé wá di oníyàrá méjì tí nǹkan kan kì í dán níbẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ó bi wọ́n ní owó agbẹjọ́rò, owó ìwé ilẹ̀, owó àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí ọjà bá kú tí òun kò rí ti oṣù kan san. Kó tó san owó àkọ́kọ́ rárá, ó ti kó owó kan pamọ́ tó lè san ilé fún oṣù mélòó kan bí kò tilẹ̀ ta ẹyọ obì kan. Má-fọwọ́-kàn-mí ló ń pè é. Bí ọjà bá sì yá, tí àwa yòókù ń ra góòlù sọ́rùn, òun ń san kún ti oṣù kí ọdún méje lè dín.

Agbẹjọ́rò ka ìwé àdéhùn fún un ní Yorùbá. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ sin òkú sínú ọgbà náà títí owó yóò fi pé. Inú bí mi, àmọ́ nígbà tí mo rò ó, ta ni yóò ra ilé tí sàréè ẹlòmíràn wà níbẹ̀, bí báǹkì bá fẹ́ tà á? Hàmdálátù kò fi pamọ́. Ọjọ́ náà gan-an ló sọ fún ìyá rẹ̀. Màmá ní òun kò ní sùn níbẹ̀, nígbà náà.

"Ulé tí wọn ò lè sin mí sí," ó ní, "kí ni mo fẹ́ lọ sùn síbẹ̀ ṣe?"

Ó jókòó sínú yàrá háyà ní tirẹ̀. Hàmdálátù nìkan kó lọ, ó ń san owó ilé, ó tún ń san owó háyà. Gbogbo ìṣirò rẹ̀, orí kunkun ìyá rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Màmá á wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á mu omi, á padà. Lábẹ́ fèrèsé, ó to búlọ́ọ̀kù méjì sílẹ̀. Ibẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n sin òun sí.

Ní ọdún karùn-ún, obì gbówó lórí. Bí Hàmdálátù bá da èrè ọdún yẹn pọ̀ mọ́ má-fọwọ́-kàn-mí, owó ilé ti pé nìyẹn. Màmá ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí. Àsìkò yẹn gan-an ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ìtọ́jú yóò sì pẹ́. Owó tí wọ́n dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí yóò parí ilé náà.

Mo wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí Màmá sọ tirẹ̀.

"Fi owó yẹn parí ulé. Mo ti dàgbà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ wá lára arúgbó?"

Hàmdálátù kúnlẹ̀. Kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn rí láyé rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. N kò lè fi owó ìwòsàn yín gbẹ́ sàréè yín."

Màmá kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí wọ́n fi gbé e wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Hàmdálátù dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe nínú méjèèjì.

Màmá yè é. Owó háyà kò sí mọ́, nítorí náà Hàmdálátù gbé e tààrà lọ sí ilé náà. Màmá sùn níbẹ̀. Ní àárọ̀ ó mú ìgbálẹ̀. Kò pẹ́ tí Hàmdálátù fi ti ọjà dé lọ́jọ́ kan, tó bá a pé Màmá ti yọ búlọ́ọ̀kù méjèèjì kúrò, ó ti gbin igi ewúro síbẹ̀.

"Ilẹ̀ kì í ṣófo," ni Màmá wí. "Tí ó bá di tìẹ, a ó hú u."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí Iléyá fi kọjá, ó gbé ilé náà. Ó ń bá àwọn aládùúgbò ṣeré, ó ń pariwo mọ́ ewúrẹ́ eléwúrẹ́. Hàmdálátù sọ fún mi pé òun kò mọ̀ pé ìyá òun mọ ẹ̀rín rín tó bẹ́ẹ̀.

Àìsàn náà padà, Màmá sì kú ní kété tí wọ́n kírun àárọ̀ tán. Owó ilé ṣì ku ọdún kan ó lé díẹ̀. Òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, kò sí àyè láti lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fa Hàmdálátù sẹ́yìnkùlé. Mo ní kí á hú ewúro yìí, kí á gbẹ́ ẹ, ta ni yóò lọ sọ fún báǹkì?

Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. "Ẹ̀gbọ́n, mo fọwọ́ sí i pé n kò ní ṣe é. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ gba ilé, ẹlòmíràn á tún gbé ẹ̀rọ lé Màmá lórí."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ọkùnrin gbé Màmá lọ sí ìtẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí. Lẹ́mọ́mù ní ibi tí wọ́n bá sin ẹni rere sí kò dín in kù. Hàmdálátù ṣe àmín, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Igbe tó ké níbẹ̀ kò kúrò létí mi títí di òní.

Ó san ìyókù láì jẹ oṣù kan. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó gbogbo ìwé ilé fún un. Tawfiq, ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó, pè láti kí i kú oríire, ó sì béèrè iye tí ilé náà lè pa bí wọ́n bá tà á. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba fóònù. Hàmdálátù ní ọmọdé ni, kí n má bínú.

Mo lọ kí i ní ọjọ́ kejì. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ewúro ti ga kọjá fèrèsé, Hàmdálátù kò sì hú u.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí ọjọ́ mi bá pé, kí wọ́n má sin mí síbí o. Kí wọ́n gbé mi lọ bá Màmá. Ibẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè tà á."

Mo bi í pé kí ni gbogbo làálàá yẹn wá wà fún.

"Ẹ ò rí i bí Màmá ṣe ń gbá ilẹ̀ ilé yìí ni?" ó ní.

Ó dìde, ó já ewúro fún mi kí n lọ fi sebẹ̀. Mo ń fọ̀ ọ́ nílé, ẹkún gbà mí, mo gbé ọpọ́n sílẹ̀, mo sì sun ún tẹ́rùn.