Èébú Òyìnbó Tí Mo Fi Ń Kí Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kàdúná, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, kò sí ohun tó dùn lẹ́nu wa bí èébú òyìnbó. Iṣẹ́ rélùwéè ni àwọn bàbá wa ń ṣe. Èébú tí ọ̀gá wọn bá bú wọn lójú iṣẹ́, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Bulọ́kẹ́ẹ̀dì ni ẹni tí nǹkan kì í tètè yé. Bọ́fúùnù ni aláṣejù tó sọ ara rẹ̀ di ẹni ẹ̀rín. Nínkọ́múpùùpù ló wù mí jù, torí ó gùn, ó sì ń dún lẹ́nu. Òpònú tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ni ìyá mi ń rán. Haúsá tó fi ń dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn dá ṣáká, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè. Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, nínkọ́múpùùpù." Ìyá mi á súre fún mi, torí ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé kan ládùúgbò wa gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi wò ó, ó wò mí. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lọ́jọ́ kejì, ó wé gèlè, ó lọ bá ìyàwó olùkọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun fẹ́ kọ́ ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín títí. Odidi ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́sàn-án, táá há síléètì sí abíyá, táá máa lọ. Èmi ò sì yé kí i bí mo ṣe ń kí i. Ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò súre mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó kúnlẹ̀, ó gbé síléètì náà lé mi lọ́wọ́. Nínkọ́múpùùpù ló kọ síbẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n kò ṣì í kọ.

Ó ní, "Mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kúnlẹ̀, kí o fi Yorùbá kí mi bẹ́ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà" jáde, ìyókù kọ̀, kò jáde. Ta ló máa la ojú sílẹ̀ pe ìyá rẹ̀ ní òpònú? Ẹkún ni mo fi parí ìkíni náà, ìtìjú rẹ̀ ò sì tíì kúrò lára mi dòní.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú ara yín lójú mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí mo bá fi Yorùbá pè yín, Haúsá lẹ fi ń jẹ́ mi. N ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bú mi nínú ilé yìí, kó wá kúnlẹ̀ síwájú mi, kó fi Yorùbá bú mi. Mo jókòó dè é.