Tábìlì Ìgéṣọ Láwùmí

Ó ti rẹ Láwùmí kí ọ̀rọ̀ tábìlì tó délẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní ìgbéraga ló kó sí i lórí, ẹ má dá a lóhùn. Aránṣọ ni, yàrá òun àti tèmi ló kọjú síra wọn ní Agbówó, mo sì mọ iye wákàtí tó ń sùn. Lọ́dún 1986 yẹn, yúnífọ́ọ̀mù fún ilé-ìwé mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì kù kí àwọn ọmọ wọlé.

Àsìkò yẹn gan-an ni Akínbíyìí, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Yunifásítì, gbé kọ̀ǹpútà dé. Olùkọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un. Bọ́tìnnì rẹ̀ dà bíi ti taipuráítà. Wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á so rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, géèmù á sì jáde, tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan á máa yìnbọn kiri. Ó dùn ún wò, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló tò ó sí, wáyà sì ń kọ́ gbogbo wa lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ń wá tábìlì tó fẹ̀ dáadáa, tó máa gba gbogbo ẹ̀, tí ìgbọ̀nwọ́ òun náà á tún ráyè.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Akínbíyìí nígbà tí wọ́n gbé Láwùmí wọlé wọn ní Ṣakí. Láwùmí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń nu imú rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Akọ̀wé" ló ń pè é, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Òun náà á dáhùn pé "Ìyàwó wa", bí ẹni pé òun ló ru ẹrù ìdána lọ sílé wọn. Inú máa ń bí mi. Láwùmí ní kò sí nǹkan tó ń bíni nínú níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Akínbíyìí ní kó sin òun lọ sí Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, torí ojú rẹ̀ mọ tábìlì. Ó fi aṣọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà kan bọ́ sí òmíràn nínú oòrùn, Láwùmí ń fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó ń wọ̀n. Èyí àkọ́kọ́, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló lè gbà. Ìkejì fẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e báyìí, ó ń mì. Ìkẹta ní dúróà nísàlẹ̀, orúnkún ò lè wọbẹ̀. Ìkẹrin ló tẹ́ Láwùmí lọ́rùn: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní gígùn, méjì ààbọ̀ ní fífẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin. Akínbíyìí ní kò dán tó. Wọ́n padà wálé lọ́wọ́ òfìfo, ẹsẹ̀ Láwùmí sì ti wú. Ara kì í ṣe òkúta.

Bí wọ́n ṣe wọlé ni ojú Akínbíyìí lọ sórí tábìlì tí Láwùmí fi ń gé aṣọ. Ìrókò ni. Bàbá Láwùmí ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án fún un lọ́jọ́ tó ṣe fíríídọ́ọ̀mù iṣẹ́, òun ló sì fi ń jẹun láti ìgbà náà. Akínbíyìí fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lára.

"Ìyàwó wa, irú èyí gan-an ni mò ń wá láti àárọ̀," ó wí. "Ẹ máa gé aṣọ lórí ẹní fún ìgbà díẹ̀ ná."

Gbádégẹṣin, ọkọ Láwùmí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ring Road dé ni, ó na ẹsẹ̀ sórí àga. Ó ní kí àwọn méjèèjì yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Bí wọ́n ṣe ń sá fún ọ̀rọ̀ nìyẹn. Akínbíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ kúrò lórí tábìlì, apá yúnífọ́ọ̀mù méjì sì já bọ́ sílẹ̀.

"Akínbíyìí," Láwùmí wí. "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́, àti èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú Akínbíyìí rẹ̀wẹ̀sì bíi tọmọdé tí wọ́n gbá létí. Gbádégẹṣin dìde jókòó. Ó ní ṣé orúkọ ọmọ ilé àwọn ló ń pè báyìí, ó ní kí ìyá àwọn ní Ṣakí má gbọ́ o, kó kúnlẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀ kíá. Àánú Láwùmí ṣe mí, mo sì rò pé tábìlì ti lọ nìyẹn.

Láwùmí kúnlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kúnlẹ̀ tán.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," ó wí. "Orúkọ yín tí mo pè ni mò ń bẹ̀ yín fún. Tábìlì ò sí nínú ẹ̀bẹ̀ yìí."

Ó di etí tábìlì náà mú, ó sì rọra dìde.