Òfì Ìpọnmọ ní Gáréèjì Onitsha

Ìyá ọkọ mi fẹ́ padà sí Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ kejì, n kò sì tíì mọ ọmọ pọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ náà. Mo gboyè ní yunifásítì. Mo lè ṣàlàyé ètò ẹbí àwọn ará erékùṣù kan tí n kò fojú rí rí, ṣùgbọ́n tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ọmọ tèmi sẹ́yìn, mo máa ń dì í mú ṣinṣin bí ẹni tó jí ẹran.

Ilé ẹ̀kọ́ tí à ń gbé inú rẹ̀ ló tọ́ mi dàgbà; n kò ní àbúrò tí mo pọ̀n rí. Nígbà tí bàǹkì gbé ọkọ mi wá sí Onitsha lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo ti dé, gbogbo ìyàwó òṣìṣẹ́ àgbà ní àdúgbò wa sì ra kẹ̀kẹ́ ọmọ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ní ìbòrí bíi ti mọ́tò. Èmi náà rà á. Òkìtì yanrìn àti bíríkì ló kún ojú ọ̀nà, ihò ọta ṣì wà lára ògiri, àwa sì ń ti kẹ̀kẹ́ kiri bí ẹni pé inú ọgbà ọba Gẹ̀ẹ́sì la wà. Tí a bá pàdé, a ó kọ́kọ́ bèèrè bí táyà ara wa ṣe ń ṣe sí, kí á tó bèèrè ọmọ.

Ọmọ tèmi kórìíra kẹ̀kẹ́ náà. Eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀, kì í sùn lọ́sàn-án, kì í sì í jẹ́ kí n jókòó. Ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi nìkan ló ti ń rí oorun sùn, nínú òfì ẹtù kan tó nípọn, tí wọ́n hun nílùú wọn. Tí Màmá bá lọ, ta ni yóò pọ̀n ọ́n?

"Ìyàwó, bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bẹ̀rẹ̀ sí i. Ta lò ń tijú?"

"Màmá, ó máa já bọ́."

"Ọwọ́ rẹ ni kò jẹ́ kó dúró. Fi í sílẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó ń pọn ọmọ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi tẹ́ bíi tábìlì, kó wá yọ ọwọ́ méjèèjì kúrò lára ọmọ, kó tó da aṣọ bò ó. Fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó di ọmọ mú. Bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ ni kí ọmọ já bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ọmọ náà bá fẹ́ lọ́la ni yóò kú mọ́ ọn lórí. Mo ti kọ̀wé nípa irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ rí ní yunifásítì, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, olùkọ́ sì yìn mí. Ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín kò wá. Mo fi ọwọ́ kan di ọmọ mú, mo fi ìkejì fa òfì. Òfì wọ́, ọmọ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpò gàrí. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi.

"Àwọn tó kọ́ ẹ níwèé, wọn ò bímọ ni?"

"Wọ́n bí, Màmá. Wọ́n ní ká jẹ́ kó máa sunkún, pé tó bá yá, á rẹ̀ ẹ́."

"Ta ló máa rẹ̀?"



Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ mi ti lọ ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ní bàǹkì. Ẹrù Màmá la kó sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ sí gáréèjì; ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ wúlò. Nígbà tí mọ́tò kún, Màmá tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú òfì, ó wọ mọ́tò, wọ́n sì lọ. Ọmọ figbe ta. Mo tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́, ó nà gbọnrangandan.

"Madam, tie the pikin now!" Ìyá olọ́sàn kan ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Abi you dey wait for contractor?"

Àwọn agbèrò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ sẹ́yìn. Sálúbàtà àwọn èèyàn àti èèpo ọsàn nìkan ni mò ń rí. Ọmọ ń fi ìkúùkù lù mí lẹ́yìn. Mo sọ fún ọwọ́ mi pé kó kúrò, kò kúrò. Mo tún sọ fún un. Ó kúrò.

Ọmọ kò já bọ́. Ó lẹ̀ mọ́ mi bí ọmọńlé tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo da òfì bò ó, mo so ó, mo fi ọ̀já dì í. Ìyá olọ́sàn fà á wò, ó ní, "E don hold," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọsàn rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ mi. N kò dúró bá a jà, nítorí ọmọ ti ń sùn.

Ṣùgbọ́n tí mo bá dúró, á ta mí nípàá. Bí mo ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni, ìpàkọ́ rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, itọ́ rẹ̀ sì ti rin ẹ̀yìn bùláòsì mi. Ojú ọ̀nà Obosi, lẹ́bàá Awada, ni ọkọ mi ti bá mi nínú mọ́tò rẹ̀, nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án.

"Níbo lò ń lọ?"

"N ò mọ̀. Ó ń sùn."

"Wọ mọ́tò, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Tí mo bá jókòó, á jí."

Ó wo ọmọ, ó wo òfì, ó tún wò mí. "Ìwọ lo pọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni."

Ó rọra ń wa mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè, wọ́n ń bú u ní èdè Ìgbò. Ó ní kí n dúró díẹ̀, kó rí ojú ọmọ dáadáa. Mo ní kó má dán an wò, mo sì ń lọ.