Ọwọ́ Tí Kò Ṣí Mọ́

Òórùn òwú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi nínú yàrá tí wọ́n fún mi láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Savè. Wọ́n ti ń kó òwú pamọ́ síbẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó gbé tábìlì wọ̀ ọ́, òórùn náà kò sì lọ: òórùn gbígbẹ bíi ti àpò, tó dà pọ̀ mọ́ ti eku àti ti eruku ọyẹ́. Láti ojú fèrèsé, à ń wo àwọn òkè olókùúta ńlá tó yọ sókè lórí ìlú. Ìgbà ìjọba àwọn ológun ni, nígbà tí à ń pe ara wa ní kámárádì, tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní oko tirẹ̀. Sakété ni wọ́n ti gbé mi wá. Èdè Nàgó tèmi àti tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, síbẹ̀ bí mo bá la ẹnu, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á fi ìwé bo ẹ̀rín.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà ti ṣe olùkọ́ rí, mi ò ní ṣàlàyé jù. Kì í ṣe pé wọn kò mọ àwòrán yà. Wọ́n mọ̀ ọ́n yà dáadáa, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń yà: ìkúùkù tí a nà sókè, ọkọ́, àti oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn wọn, bí wọ́n ṣe rí i lára ògiri bíróò ìjọba. Bí mo bá bi ọmọ kan pé kí ló fẹ́ kí èèyàn rí nínú iṣẹ́ rẹ̀, á dìde, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ó dára, màdáàmù." Bí mo bá ní kí ló dára nínú rẹ̀, á wo ẹni tó jókòó tì í. Mo ṣàlàyé títí pé kí wọ́n wo iṣẹ́ wọn bí ẹni pé ẹlòmíì ló ṣe é, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń wá àti ibi tí kò tíì dé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbé ìkúùkù dé.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni kì í ya ìkúùkù, òun ló sì dá mi lágara jù. Ọmọ ìlú Kaboua ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ nígboro. Ọwọ́ obìnrin àgbà kan tó ń bẹ iṣu ló ń yà, ọwọ́ nìkan, tó gba gbogbo ojú ìwé: iṣan, èékánná, awọ tó hunjọ ní oríkèé ìka. Inú mi dùn débi pé mo fa àga, mo jókòó tì í, mo bi í pé ọwọ́ ta ni. Ó mú gọ́ọ̀mù tí a fi ń pa ìlà rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ níṣojú mi.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí àtàǹpàkò fi gùn báyìí, ó pa àtàǹpàkò rẹ́. Mo ní mi ò sọ pé ó burú, mo kàn ń béèrè ni, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Létí tirẹ̀ àti ti gbogbo wọn, bí olùkọ́ bá ti béèrè nǹkan, àṣìṣe ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ta ló ti bi wọ́n rí ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀? Ìwé náà ti fẹ́ lu. Bẹ́ẹ̀ àfihàn iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣojú ìjọba yóò wá wò ó, mi ò sì ní ohun tí mo lè gbé síta ju ìkúùkù lọ.

Lọ́jọ́ kan ó sú mi. Mo gba gọ́ọ̀mù gbogbo kíláàsì, mo dà á sínú abọ́, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ tí olùdarí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ pè mí, ó ní bàbá ọmọ kan ti wá fẹjọ́ sùn pé mo gba ohun tí òun rà. Ó ní kí n kọ́ wọn ní àwòrán, kí n yéé dààmú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò dá a padà.

Nígbà tí ọmọ Kaboua yìí fa ìlà tó wọ́, ó na ọwọ́ wá gọ́ọ̀mù, kò rí i, ó gbé orí lé tábìlì, ó ń sunkún. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́.

"Mi ò mọ ọwọ́ ta ni," mo sọ fún un. "Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ti ìyá mi àgbà ni. Kò ṣí mọ́, màdáàmù."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Àìsàn ti mú ìyá náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ náà sì ti ká jọ sórí itan rẹ̀. Ọmọ yìí gbà pé gbogbo ohun tí a bá gbé síbi àfihàn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, ó wá ń gbìyànjú láti ya ọwọ́ tó ń bẹ iṣu, ṣùgbọ́n kò rántí bí ìka wọ̀nyẹn ṣe ń di ọ̀bẹ mú mọ́. Èyí tó ká jọ ló ń wá sí i lójú. Mo ní kó ya èyí tó ń wá sí i lójú. Ó yí ìwé náà sódì, ó yà á láìgbé orí sókè.

Lọ́jọ́ àfihàn, aṣojú ìjọba rìn kọjá níwájú àwọn ìkúùkù, ó ń mi orí, àfi ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó ní, "Kámárádì olùkọ́, kí ni ọwọ́ yìí ń ṣe?" Olùdarí wúkọ́. Mo ti ní èsì lẹ́nu, mo gbé e mì, mo wo ọmọ náà.

"Ó ń sinmi ni," ó wí. "Òun ló kọ ebè tí wọ́n fi tọ́ ìyá mi, òun náà ló kọ èyí tí wọ́n fi rán mi wá sí ilé ìwé. Ó ti ṣe tirẹ̀."

Ọkùnrin náà béèrè bóyá ẹni tó ni ọwọ́ náà ṣì wà láyé. Ọmọ náà ní ó wà. Ọkùnrin náà ní, "Bá mi kí i," ó sì kọjá lọ. Bó ti yí ẹ̀yìn padà, olùdarí ní kí wọ́n gbé àwòrán náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí pé ó ń ba èèyàn nínú jẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ náà kò tilẹ̀ kíyè sí i, ó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ìdí tí òun fi jẹ́ kí ìka kan dúdú ju ìyókù lọ, irú ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Mo rò pé ó parí. Nígbà tí a wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi, mo dá gọ́ọ̀mù wọn padà, mo pín ìwé, mo ní kí kálukú ya ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo wọn ló ya ọwọ́ ìyá àgbà tó ká jọ sórí itan. Mo fẹ́ sunkún. Mo bi ẹni tó jókòó níwájú pé ọwọ́ ta ni. Ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní ti ìyá òun àgbà ni. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ nínú, ó jẹ́wọ́ pé wọn kò tíì bí òun nígbà tí ìyá náà kú.

Mo ti kọ́ni ní ìlú mẹ́ta lẹ́yìn Savè, n kò sì tíì rí kíláàsì tí mo bi léèrè lẹ́ẹ̀kan tó yé gbogbo wọn papọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbínú. Lọ́jọ́ yẹn mo fa àga tì ọmọ tó jókòó níwájú náà, mo bi í pé ọwọ́ ta ló ti fi ojú ara rẹ̀ rí rí. Ó wo òrùlé. Mo dúró dè é.