Ṣàfíù Agéfáìlì àti Àwòrán Orí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Bí ẹ bá gba ọ̀nà ọjà Makola ní Accra wọ Cow Lane, ìsọ̀ mi ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ fún àwọn aránṣọ. Ìsọ̀ Ṣàfíù Àrówólò ló kọjú sí tèmi. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń jẹ bébà àti fáànù tí ariwo rẹ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Ghana ni wọ́n bí èmi àti òun sí. Àwọn ará ibí ń pè wá ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá, a sì ń dá wọn lóhùn, bẹ́ẹ̀ Ọ̀ffà tí àwọn bàbá wa ti wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo débẹ̀ láyé mi.

Iṣẹ́ Ṣàfíù ni láti bá èèyàn fi ìwé ránṣẹ́ síbi tó jìnnà. Ẹ lè ní ta ni kò mọ ìméèlì fi ránṣẹ́. Ó dáa. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí, ìwé ìbí àti fọ́tò jọ, ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ ìméèlì kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Ẹ̀rọ náà á ní ẹrù yín ti wúwo jù. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní sọ nǹkan kan, ìméèlì náà á kàn jókòó sójú kan, á máa yí, ẹ̀yin á rò pé ó ń lọ. Mo ti rí ọkùnrin tó pàdánù iṣẹ́ báyìí, tó sì sunkún níwájú ìsọ̀ mi.

Ọ̀nà méjì ni Ṣàfíù ní. Bó bá jẹ́ fọ́tò lásán, á fún un kó kéré. Bó bá jẹ́ ohun tí kò gbọdọ̀ dínkù, á di gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìdì kan, á gé ìdì náà sí wẹ́wẹ́, á wá fi ìméèlì kọ̀ọ̀kan gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà lódìkejì á tò wọ́n pọ̀, ìdì náà á sì ṣí. Àmọ́ bí ẹyọ kan bá sọnù nínú wọn, àwọn yòókù ti di pàǹtí nìyẹn. Ó máa ń ṣàlàyé fún mi pé èèyàn kò gbọdọ̀ gé e tóbi tó iye tí ẹ̀rọ sọ pé òun lè gbà, nítorí fáìlì máa ń wú bó bá wọ inú ìméèlì, bíi gàrí tó bọ́ sómi. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Agéfáìlì. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó jẹ́jẹ́ débi pé ó máa ń sú mi. Bí àgbàlagbà bá jókòó sínú ìsọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, tó ń ro ohun tí òun fẹ́ kọ, Ṣàfíù kò ní sọ fún un pé kó ṣe kíá, ṣe ló máa ra omi tútù fún un.

Múdàṣírù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Káfíńtà ni, Jamestown létí òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Òun ló tọ́ Ṣàfíù lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Òun náà ló ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ fún un. N kò tíì rí ọmọ ìyá méjì tó fẹ́ràn ara wọn bẹ́ẹ̀.

Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, a sì ní oòrùn ni. Nígbà tó yá, káfíńtà tó ti ń kan ìṣó láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó ní ìṣó náà máa ń di méjì mọ́ òun lójú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀ sínú síídì kan, wọ́n sì rí nǹkan kan tó ń hù lẹ́yìn ojú. Àwọn dókítà tó wò ó ní ibi tó wà kò dáa, pé àwọn kò ní fọwọ́ kàn án, àfi kó rí ẹni tó mọ orí dunjú.

A mọ ẹni náà. Àna wọn ni. Yusif, àkọ́bí Múdàṣírù, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọbìnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ báǹkì ní Accra, Ayọ̀mikún lorúkọ rẹ̀. Dókítà Adéògún ti Ìbàdàn ni bàbá ọmọ yìí, iṣẹ́ abẹ inú orí ló sì ń ṣe. Lójú mi ni gbogbo ìdílé Àrówólò ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Alhaji Àlàmú, àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ olórí ẹbí, ló pe dókítà náà lórí fóònù. Ó kí i títí, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ èsì.

"Ẹ fi gbogbo àwòrán tó wà nínú síídì yẹn ránṣẹ́ sí mi," ni dókítà wí. "Ẹ má ṣe fi Wàsáàpù ránṣẹ́, á bà á jẹ́. Ẹ má ṣe fún un kó kéré. Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa kì í ṣí líǹkì, ìméèlì ni kí ẹ bá mi so ó mọ́. Bí mo bá ti rí i, n ó mọ̀ bóyá kí ẹ máa gbé e bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò fẹ́ ìdádúró o."

Ṣàfíù ṣe iṣẹ́ náà lójú mi. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníbàárà. Múdàṣírù jókòó sórí àga onírọ́bà, ó fi fìlà bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ di àwòrán orí rẹ̀ pọ̀, ó gé e sí mẹ́wàá, ó sì kọ bí wọn yóò ṣe tò ó sínú ìméèlì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná lọ láàárín, a dúró. Iná dé, ìńtánẹ́ẹ̀tì kò tètè dé, a tún dúró. Nígbà tí ìkẹwàá máa fi lọ, wọ́n ti pe ìrun àsárì. Ṣàfíù ṣí ibi tí ẹ̀rọ máa ń kó àwọn èyí tó ti lọ sí, ó fi ìka kà wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé.

"Ó ti lọ?" ni Múdàṣírù bi í lábẹ́ fìlà.

"Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku kí wọ́n ní ká máa bọ̀."

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí èsì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí nǹkan kan láti Ìbàdàn. Mo ní, "Ṣàfíù, pe ọkùnrin yẹn."

"Ìyá Afua, àna wa ni," ló dá mi lóhùn. "Ẹni tó fún wa lọ́mọ. A ti tọrọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti ní òun á wò ó. Bí a bá tún pè é, ṣe là ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó."

Mo bínú, mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Alhaji Àlàmú. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú orí èèyàn kì í ṣe ẹni tí a ń pè bí ẹní pe táksì, pé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ yóò dáhùn. Ayọ̀mikún náà fẹ́ pe bàbá rẹ̀, Alhaji sì kọ̀ fún un. Ó ní ìyàwó tuntun kì í ru àìsàn ilé ọkọ lọ sílé bàbá rẹ̀, kí àwọn èèyàn rẹ̀ má baà sọ pé torí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ la ṣe fẹ́ ẹ. Ọmọ náà wá sí ìsọ̀ mi, ó sunkún sórí àwọn òwú mi, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, inú ìyẹn gan-an ló ń bí mi.

Ẹ̀yin tó mọ Yorùbá kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe yín ní kàyéfì. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. À ń fi àna sípò tó ga, a kì í dààmú rẹ̀, a kì í fi dandan gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ àṣà náà, wọ́n fi tọ́ èmi náà ni. Àmọ́ bí mo bá ti rí Múdàṣírù tó ń táràrà lára ògiri, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fi gbogbo àṣà sínú kòtò.

Apẹja kan tí Múdàṣírù ti máa ń bá tún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ṣe gbé ẹja wá kí i. Ọmọ ẹ̀yà Ga ni. Ó bi mí ohun tí à ń sọ, mo ṣàlàyé fún un, ó sì mi orí. "Chale," ló wí, "you people dey fear in-law pass death." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Alhaji Àlàmú, pé ọkùnrin yìí ní ẹ̀rù àna ń bà wá ju ẹ̀rù ikú lọ. Alhaji ní ẹni tí kì í ṣe Yorùbá kò lè mọ̀.

Nígbà tó yá, Múdàṣírù kò rí wa mọ́. Ó ń fi ohùn dá wa mọ̀, ó sì tún ń ṣi ohùn pè. Ó máa ń bi Ṣàfíù pé, "Ṣé wọ́n ti ní ká máa bọ̀?" Ṣàfíù á ní, "Wọ́n ń wò ó lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Kò purọ́, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Lójoojúmọ́ ló ń ṣí kọ̀ǹpútà kó tó kírun àárọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n jí Múdàṣírù, kò jí. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbà yẹn ni Alhaji tó gbà kí Ayọ̀mikún pe bàbá rẹ̀.

Dókítà Adéògún wá fúnra rẹ̀ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó wọ aṣọ funfun, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi gbogbo wa, ó sì jókòó sórí ẹní. Èèyàn dáadáa ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn àdúrà ó ní kí ìdílé dákun má bínú sí òun. "Mo fẹ́ ṣe gbogbo ohun tí mo bá lè ṣe," ló wí. "Nígbà tí àwọn tó kù kò dé, mo ní ẹ ti rí ẹlòmíràn tí yóò ṣe é."

Ṣàfíù gbé orí sókè. "Àwọn wo ló kù, sà?"

"Mẹ́jọ ló dé ọ̀dọ̀ wa. Akọ̀wé mi tò wọ́n, kò ṣí. Mo fẹ́ pè yín. Mo wá rò ó pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ọmọ mi, bí mo bá ń lé yín kiri pé àìsàn yín dà, ẹ ó rò pé mo fẹ́ fi dandan gbé iṣẹ́ mi lé yín lórí. Mo ní bóyá ojú ń tì yín láti sọ fún mi pé ẹ ti gbé e lọ síbòmíràn. Mo bá dákẹ́."

Alhaji Àlàmú ń wo ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣàfíù dìde, ó wọ bàtà, ó sì kọrí sí ìsọ̀ rẹ̀. Dókítà tẹ̀ lé e, èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Ó tan kọ̀ǹpútà. Ìméèlì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì wà níbi tó ti kà wọ́n lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló ti lọ. Ó wá ṣí ibi tí ẹ̀rọ máa ń da ìpolówó àti ti àwọn oníjìbìtì sí, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Láàárín àwọn oògùn ẹ̀yìn ríro àti àwọn tó ní a ti jẹ tẹ́tẹ́, lẹ́tà méjì wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fi wọ́n ránṣẹ́ gan-an. Ẹ̀rọ ti Ìbàdàn ló kọ wọ́n, kì í ṣe èèyàn. Ó ní àpótí ìméèlì dókítà ti kún, kò lè gba ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, kí ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ jọ̀ọ́ tún gbìyànjú. Ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló kún àpótí náà.

Ṣàfíù kà á, ó tún un kà. Dókítà náà ń kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìpè kan ṣoṣo láti Accra tàbí láti Ìbàdàn ni ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. N kò lè wo ojú èyíkéyìí nínú wọn, nítorí bí mo bá wò wọ́n n ó pariwo.

"Ṣé àwòrán náà ṣì wà lọ́dọ̀ yín?" ni dókítà béèrè.

Ṣàfíù ṣí i fún un. Dókítà Adéògún jókòó sórí àga onírọ́bà, ó ń yí àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, orí Múdàṣírù ń ṣí, ó ń padé. Ó dúró lórí ọ̀kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Ṣàfíù wí. "Ká ní gbogbo rẹ̀ dé ńkọ́?"

"Ẹ má bi mí."

"Mo bẹ̀ yín, sà."

Dókítà náà fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ibi tó wà ṣeé dé," ló wí. "Mo ti yọ irú rẹ̀ lórí ẹni tó dàgbà jù ú lọ. Ǹ bá ní kí ẹ gbé e wá lọ́jọ́ kejì."

Ṣàfíù sún àga sẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ lórí ilẹ̀ ìsọ̀ náà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Dókítà ní kó dìde. Kò dìde.