Bí Ológbò Jàbárù Télọ̀ Ṣe Gbààwẹ̀

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò gbé Nyanya lọ́dún 1987. Jàbárù télọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló dúró lórí dókítà ẹranko láàárín ìgboro Àbújá, tó nawọ́ sí ikùn ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là tí wọ́n sì rán pa dà, tó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u. Ìlà òwú yìí wọ́."

Dókítà Ọbayẹmí ní kò burú, òun á tú u, bí Bàbá bá lè jí ológbò náà kí wọ́n jọ gbà bẹ́ẹ̀. Jàbárù wò ó bó ṣe sùn fọnfọn, tó yọ ahọ́n síta. "Ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "Ó bá a lára mu."

Mọ́gàjí lorúkọ ológbò yìí. Láti ìgbà tí ìyàwó Jàbárù ti kú, àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé. Orí aṣọ oníbàárà ni Mọ́gàjí máa ń sùn, ẹni tó bá sì wá gba aṣọ, Jàbárù a ní kó pa dà wá lọ́la, wọn ò tíì dìde lórí ẹ̀.

Ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni Mọ́gàjí kọ ẹja. Jàbárù ò béèrè ìdí. Mọ́ṣáláṣí ló gbà lọ tààrà, ó ń sọ fún tọmọdé tàgbà pé ológbò òun ń gbààwẹ̀, ó wá ń fi bú Bùsàrí bíríkìlà tó máa ń yọ́ mumi lẹ́nu iṣẹ́. Bùsàrí bi í bóyá ológbò náà ń kírun.

"Tó bá jẹ́ ti àlùwàlá," ni Jàbárù dáhùn, "ó ń ṣe é jù ẹ́ lọ."

Oòrùn wọ̀, gbogbo ayé ṣínu, Mọ́gàjí ò ṣínu. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, òwú pupa tín-ín-rín sì yọ létè. Jàbárù wo ibi tó fi abẹ́rẹ́ tó fi ń rán ọrùn agbádá sí. Kò bá a níbẹ̀. Àkàrà ìṣínu já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fẹ́ fa òwú náà, àmọ́ Mùfúlíátù, tó ń dín mọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Bàbá Télọ̀, ẹ má fà á. Ìfun ẹ̀ lẹ máa fà ya."

Ilẹ̀ mọ́, Jàbárù gbé Mọ́gàjí wọ bọ́ọ̀sì ìgboro, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Kọ̀ńdọ́ ní òun kì í gbé ológbò. Jàbárù fi agbádá tí kò tíì ní ọrùn bo Mọ́gàjí mọ́lẹ̀. "Oníbàárà mi ni," ló wí. "Ara rẹ̀ ni ò yá." Àtìgbà náà títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, ètè Jàbárù ń mì. Àdúrà ló ń gbà.

Dókítà yọ abẹ́rẹ́ náà, ó ní kí ológbò má ṣe fi ahọ́n kan ojú ọgbẹ́. Jàbárù bá fi téèpù wọn Mọ́gàjí láyà, ó wọ̀n ọ́n níbàdí, ó rán dàńṣíkí fún un, ó fi àpò sí i. Mùfúlíátù béèrè kí ni ológbò fẹ́ fi àpò ṣe.

"Mi ò rán aṣọ ọkùnrin láìsí àpò rí."

Lọ́jọ́ tí Mọ́gàjí kọ́kọ́ jẹun, Jàbárù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń ṣa egungun ẹja kúrò fún un díẹ̀díẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní èéfín mọ́sà ló kó sóun lójú.

Ọlọ́run ti pe Jàbárù báyìí. Àmọ́ Mùfúlíátù wà láyé, Nyanya ló ṣì ń gbé. Ẹ bi í léèrè. Á sọ fún yín pé òun ò dáná lọ́jọ́ yẹn.